Ìbéèrè Tí O Bá Mi Dáhùn

Ẹ̀yìn Ọjà Àwọn Káfíńtà,
Kugbo, Abuja.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2016.

Ìdáyátù Àyọ̀ká, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékun. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Bwari níbẹ̀? Ṣé òtútù orí òkè yẹn kò tíì máa yọ ọ́ lẹ́nu, ṣé o sì ń rí oúnjẹ gidi jẹ láàárín gbogbo ìwé òfin tí ẹ ń kà? Mo tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé kí ìlera rẹ má yẹ̀, kí lẹ́tà yìí sì bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí ìdúró. Ní tèmi, mò ń jẹ, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń ki ìrun mi lásìkò. Orí mi nìkan ni kò dúró sójú kan.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni o máa kọ́kọ́ rín, pé kí ló ṣe Màámi tó ń kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́ nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lo fóònù ná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun, o ní o ti jẹun, mo ní ó dáa, mo sì gé e. Kì í ṣe oúnjẹ ni mo tìtorí rẹ̀ pè ọ́. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ojú yẹn gan-an ni mi ò lè fi wò ọ́ tí màá fi sọ èyí, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò.

Rọra kà á. Gẹ̀ẹ́sì ló yá ọ lẹ́nu, mo mọ̀, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo kọ́ ọ ní a, b, d lórí ìdì aṣọ tìmùtìmù nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ, nítorí náà má sọ fún mi pé Yorùbá yìí ta kókó. Ibi tí àmì ọ̀rọ̀ bá ti dà ọ́ láàmú, kà á sókè, etí rẹ yóò gbọ́ ọ. Kí o sì kà á dópin kí o tó pe ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dọ̀ Abdulqoyum ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ó wá sílé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣíwájú èyí tó kọjá yìí, ó ti ọjà Dei-Dei wá tààrà, eruku sìmẹ́ǹtì ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé bó bá ti wọlé báyìí ló ti máa ń bi mí pé kí ni mo sè, kò bèèrè nǹkan kan. Ó jókòó sí etí àga. Ó ní o ti sọ fún òun pé kí àwọn òbí òun má wulẹ̀ wá tọrọ rẹ láti Ọ̀yọ́ mọ́, pé o ò fẹ́ òun mọ́. Ó ní òun bẹ̀ ọ́ títí kí o tó sọ ìdí rẹ̀. Ó ní o sọ pé jẹjẹrẹ ọmú wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, pé ó pa ìyá ìyá rẹ, ó pa ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, pé o ò fẹ́ kí òun fẹ́yàwó lónìí kí òun sì di opó ọkùnrin lọ́la pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́ lẹ́yìn. Ó wá bi mí pé, "Màmá, ẹ sọ fún mi, kí ni kí n ṣe?" Mo dìde, mo lọ gbé omi wá fún un, mo sì pẹ́ ní kíṣìnnì ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìdáyátù, mo fẹ́ kí o rántí ọjọ́ tí a jọ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà. Àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù wa ni wọ́n kéde pé kí gbogbo obìnrin tó ti lé lógójì ọdún lọ, pé àwọn nọ́ọ̀sì máa bi wá ní ìbéèrè, wọ́n á sì fi mọ ẹni tí ewu jẹjẹrẹ ọmú súnmọ́ ju ẹlòmíràn lọ. O wà nílé lọ́jọ́ Sátidé yẹn. O ní o máa sìn mí lọ láti bá mi túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Màá jẹ́wọ́ kan fún ọ báyìí: mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju bí o ṣe rò lọ. Ẹni tó ti ń ta aṣọ tìmùtìmù fún àwọn ọ̀gá ìjọba láti ọjọ́ yìí wá, ṣé Yorùbá ni á máa fi bá wọn ná an ni? Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kí àwọn èèyàn rí i pé ọmọ mi ló ń fọ Gẹ̀ẹ́sì bí omi. Ìgbéraga yẹn ló kó mi sí ohun tí mo wà nínú rẹ̀ yìí.

O rántí Nọ́ọ̀sì Felicia, òun tó sanra díẹ̀, tó fi gíláàsì sí ṣóńṣó imú. Ó bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí mi ti ní àrùn náà. Ẹbí ni ìwọ náà túmọ̀ rẹ̀ sí. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹbí. Mo ka ìyá mi. Mo ka ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo ka ìyàwó àbúrò bàbá mi, mo ka ìyá tó fà mí fún bàbá rẹ, mo tún ka ìyá ẹlẹ́kọ tí a jọ ń gbé ojúlé kan náà ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé àwa la fọ aṣọ rẹ̀ títí tó fi kú. Felicia ń kọ, ó ń kọ, títí bírò rẹ̀ fi dúró. Ó ní, "Mama, wait. This last one, wetin she be to you?" O sọ fún un. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Kai, Mama. Na blood I dey ask, no be everybody wey una dey chop together." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tó tò sẹ́yìn. Ó fagi lé gbogbo wọn, ó ku ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá.

Ẹ̀yìn ẹ̀rín yẹn ló bèèrè pé ọmọ mélòó ni mo bí. O ò túmọ̀ ìyẹn fún mi. O gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́, o ní, "One. Na me be that." Felicia rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́. Ó ní ọmọ ọdún mélòó ni mo jẹ́ nígbà tí mo bí i. O ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ, o ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó kọ ọ́. Ó ní ṣé mo fún ọmọ lọ́mú. Ìyẹn ni o yíjú sí mi bi mí, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ìbéèrè mẹ́ta yẹn, ìyẹn nìkan ni èmi fúnra mi dáhùn, fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó kọ ìwé fún mi pé kí n lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá, nítorí ìyá àti ẹ̀gbọ́n. Èmi ò tilẹ̀ bẹ̀rù, mo ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin ẹ̀gbọ́n mi. Bí a ṣe fẹ́ dìde ló wò ọ́, ó ní níwọ̀n ìgbà tí o ti wà níbẹ̀, jẹ́ kí òun bi ìwọ náà, pé ọjọ́ orí rẹ kò tíì tó ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé a máa tètè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Kò wulẹ̀ bi ọ́ lọ títí. Ó wo ìwé tèmi, ó sì da ìdáhùn rẹ̀ kọ sórí tìrẹ: ìyá ìyá, ẹ̀gbọ́n ìyá. Ó kọ ìwé lọ sọ́dọ̀ dókítà fún ìwọ náà. Mo rí ojú rẹ nígbà tí o gbà á. Ó ṣàlàyé fún ọ pé kò túmọ̀ sí pé àrùn ti mú ọ, pé kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ ni, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ni o gbọ́. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, o di àpò rẹ mọ́ àyà, o ò sì sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Èmi náà ò sọ̀rọ̀. Tèmi ló burú jù, nítorí mo ní ohun tí mo lè sọ.

Jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó. Èmi kọ́ ni mo bí ọ. Mi ò bímọ rí. Ìyá tó bí ọ ni Ràdíátù, ìyàálé mi, aya àkọ́fẹ́ bàbá rẹ. Ìyá mi kì í ṣe ìyá ìyá rẹ, ẹ̀gbọ́n mi kì í sì í ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ì bá bínú gidi bí wọ́n bá gbọ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí Felicia ń bèèrè, èyí tó ń pa wọ́n nílé wa, kò sí nínú rẹ.

Mo fi bírò sílẹ̀ lẹ́yìn gbólóhùn yẹn, mo lọ pọnmi, mo sì padà wá. Ó ṣì wà lórí ìwé.

Ràdíátù ga. Ó ń dirun, ìka rẹ̀ yá bí ẹni pé ó ń bá orí ṣeré, ọwọ́ rẹ̀ ni o ti jogún ìka yẹn, ìwọ tó ń dirun fún gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ láìkọ́ṣẹ́. Nítorí pé kò tíì bímọ ni wọ́n ṣe fẹ́ mi kún un. Èmi náà dé, ọdún kìíní, ọdún kejì, títí dé ọdún kẹfà, èmi náà ò bí. Àwa méjèèjì wá di ọ̀rẹ́ tipátipá, nítorí ẹnu kan náà ni wọ́n ń fi bú wa. Ìgbà yẹn ni oyún wọlé sí i lára. Mo jowú rẹ̀, Ìdáyátù. Mi ò ní purọ́ mìíràn mọ́ nínú lẹ́tà yìí. Oṣù márùn-ún gbáko, bí kò bá ṣe "ẹ kú iṣẹ́" àti "ẹ gbé ìkòkò yìí kúrò lójú ọ̀nà", èmi àti ìyá rẹ kò bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ó bí ọ láyọ̀. Ní ọjọ́ kẹta ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà, kò sì dá mọ́. Ó ní kí wọ́n pè mí. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó jẹ̀bi, ó ní kí n wọlé, kí n gbé ọ. Ó ní, "Sàídátù, má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sílé wa ní Ìjẹ̀rú o. Ilé yẹn ń jò." Kò sọ̀rọ̀ sí mi mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ti di ọdún márùndínlọ́gbọ̀n báyìí tí mo ti ń yí ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. N kò mọ̀ bóyá ó dárí jì mí ni, tàbí ọ̀rọ̀ òrùlé lásán ló ń sọ. Nígbà míràn mo máa ń gbà pé ìdáríjì ni. Bí òjò bá wá rọ̀, mo máa ń rántí pé òótọ́ ni ilé yẹn ń jò.

Bàbá rẹ, Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, ni kò gbà kí a sọ fún ọ. Àtàndá kì í bínú, o mọ̀ ọ́n, ẹni tó lè fi ìrọ̀lẹ́ kan gbáko fá ẹsẹ̀ àga kan. Ṣùgbọ́n ó pe gbogbo ilé jọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ, ó ní ẹni tó bá pe ọmọ yìí ní òrukàn létí òun, òun àti onítọ̀hún ti parí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ káfíńtà ń yọ ní Abuja, wọ́n ń kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́tùn-ún lósì, ó sì kó wa wá síbí. Níbí, ta ló mọ̀? Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ìdáyátù, mo sì ń jẹ́. A kì í sì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, nítorí náà kò sí ẹni tó bi mí mélòó títí di ọjọ́ Felicia.

Mo ronú pé bóyá kí n dákẹ́ títí màá fi kú, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ ti ṣe. Ọ̀kan nínú ọkàn mi ní kí n sọ, ìkejì ní ṣé orí rẹ pé. Bí mo bá dákẹ́, o pàdánù ọkọ tó fẹ́ràn rẹ, o sì ń gbé ẹrù òkú tí kì í ṣe tìrẹ kiri. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹrù yẹn á kúrò lórí rẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ńkọ́? Wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ohun tó máa gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rù ni ohun tó máa gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń fi irú èyí lọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Wọn ò wá sọ ohun tí èèyàn máa ṣe bó bá jẹ́ pé irọ́ yẹn ló fi tọ́ ọmọ dàgbà.

Mo padà lọ bá Felicia lọ́jọ́ Àlàmísì, èmi nìkan. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì ẹlẹ́sẹ̀ kan tèmi sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó mú ìwé mi jáde. Ó ní, "So Mama, pikin na zero." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fagi lé ìwọ. Ara mi bù máṣọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fagi lé ọ. Ó dé orí ìbéèrè ọmú, ó fẹ́ fagi lé ìyẹn náà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀, pé òótọ́ nìyẹn.

Òótọ́ ni. O ò gba ìgò. Ọjọ́ kẹrin tí ìyá rẹ kú, o sunkún títí ohùn rẹ fi ha, ni mo bá ti ọmú mi tí kò ní nǹkan kan nínú bọ̀ ọ́ lẹ́nu kí gbogbo ilé lè sinmi. O dákẹ́, o sùn. Bí a ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn, omi àgbo àti mílíìkì agolo nínú ṣíbí, ọmú òfìfo lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejì, nǹkan funfun bíńtín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹ̀rù bà mí, mo sá lọ fi han ìyá ọkọ mi, ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́ kí n fún ọmọ lọ́mú. Mo fún ọ títí o fi rìn.

Felicia ní òun ti gbọ́ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ó wá ń wo ìwé rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń bèèrè ọmú, lábẹ́ ọmọ tí èèyàn bí ló wà, bí ọmọ bá jẹ́ òdo, kò sí àyè láti kọ ọmú. Ó ní, "You no born, but you give breast. Mama, where I go put you?" Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá dé, ó kà á, ó ní kí wọ́n kọ òdo sí méjèèjì kó lè bára mu. Felicia ní rárá, obìnrin yìí fún ọmọ lọ́mú. Wọ́n jọ jiyàn díẹ̀. Níkẹyìn wọ́n kọ ọ́ sí etí ìwé, lóòró, níbi tí kò sí ìlà. Mo wá rí i pé kì í ṣe orí tèmi nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dà rú. Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, wàrà a máa sọ obìnrin di ìyá. Lórí ìwé tiwọn, ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń sọni di ìyá. Èwo ni mo jẹ́ fún ọ, mi ò mọ̀ mọ́, ìwọ ni o ń kọ́ òfin.

Mo wá bi í ní ìbéèrè tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí Abdulqoyum ti wá. Mo ní ṣé wàrà yẹn kò lè ti kó o fún ọ. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú pé Gẹ̀ẹ́sì mi yé e. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó di èjìká mi mú, ó ní, "No, Mama. Milk no dey carry am." Mo sunkún níwájú gbogbo wọn. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo sunkún náà.

Ó ní kí n má wá lọ sọ fún ọ pé o ti bọ́ pátápátá. Ó ní kò sí obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn, pé kí o máa kíyè sí ọmú rẹ, bí o bá rí ohun tó yí padà kí o tètè wá. Ohun tó yàtọ̀ ni pé kì í ṣe ìtàn ilé mi ni wọ́n máa fi wọn tìrẹ. Ilé Ràdíátù ni kí wọ́n bèèrè. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Òun ni arúgbó Ìjẹ̀rú tí a máa ń lọ kí ní ọjọ́ kejì Iléyá, tó máa ń di ọwọ́ rẹ mú tí kì í fẹ́ fi í sílẹ̀, tí ìwọ máa ń sọ fún mi lójú ọ̀nà pé arúgbó yìí ti ń ṣarán. Kò ṣarán. Bàbá rẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, ó sì gbà nítorí tìrẹ, ó ń wo ọmọ ọmọ rẹ̀ bí àlejò láti ọdún yìí wá. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe, ìyẹn ni mo mọ̀ pé a kò ṣe dáadáa. Mo pè é lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní kò sí àrùn náà nílé àwọn, ìyá òun lo ọgọ́rin ọdún, òun alára ń lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wá ní, "Ṣé o fẹ́ sọ fún un ni?"

Ó ku ọ̀rọ̀ tèmi. Felicia fi ọwọ́ wá ọmú mi lọ́jọ́ Àlàmísì yẹn. Ó dúró níbì kan lápá òsì, ó kọjá, ó tún padà síbẹ̀. Ó ní ó lè má jẹ́ nǹkan kan. Wọ́n ti fún mi ní ọjọ́ ní ilé ìwòsàn ńlá, Àtàláátà, ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí. Mi ò sọ èyí láti fi dè ọ́ lọ́wọ́ dè ọ́ lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ fi í pamọ́ fún ọ tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo ti rí ibi tí ìpamọ́ gbé mi dé.

Felicia ní òun gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo dárúkọ rẹ kí n tó ronú. Ó kọ ọ́, ó wá ní kí ni ẹni náà jẹ́ sí mi. Òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fagi lé ọ. Ó dúró dè mí, àwọn obìnrin tó tò sẹ́yìn mi ń kùn. Mo ní, "Daughter." Ó wo ojú mi díẹ̀, ó sì kọ ọ́, kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Bí o bá fẹ́ kí n lọ pa á rẹ́, sọ fún mi kí ọjọ́ náà tó pé, mi ò ní bínú. Bí o ò bá fẹ́, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ní kí n dé.

Ọlọ́hun yóò máa ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ní ìdìde. Yóò jẹ́ kí ìwé rẹ yé ọ, kí ìdánwò rẹ rọrùn, kí ilé ọkọ rẹ tù ọ́ lára, ìyẹn bí o bá dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn. O kò ní jogún àrùn, yálà ti ibi tí o ti wá tàbí ti ibi tí o dàgbà sí. Ìyá rẹ tó ti lọ, Ọlọ́hun yóò fi Àlùjánńà ṣe ilé rẹ̀, ilé tí kì í jò. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàídátù.

Mo tún rántí: Abdulqoyum ló mú lẹ́tà yìí wá, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwọ ni kí o sọ fún un, tàbí kí o má sọ. Felicia ní kí o padà wá, kí òun bi ọ́ ní gbogbo ìbéèrè náà lákọ̀tun, láti ìbẹ̀rẹ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ dáhùn. Kí o tó lọ, pe Ìjẹ̀rú. Arúgbó náà kò ní fóònù, ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀, Misturah, ló ti máa ń gba ìpè, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn ìwé yìí. Misturah yóò bi ọ́ pé ta ni. Má ṣe sọ pé ọmọ Sàídátù, kò ní mọ ohun tí o fẹ́. Sọ pé ọmọ Ràdíátù ni. Mo mọ̀ pé o ò tíì sọ ọ́ rí. Kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ara rẹ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí o wá pè é.